Gé E Lónìí, Gbàgbé E Lónìí

Bí Ọ̀gá Gbohùngbohùn bá fẹ́ kí èèyàn pé ẹ káàárọ̀, kó tó kí i tán, ọ̀sán á ti pọ́n. Kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló fi dá a lọ́lá lẹ́yìn, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá ṣe olórí ilé ìwòsàn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kò sí ibi tó ń lọ tí wọn kì í gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tẹ̀lé e. Ó ń fi í bá èrò sọ̀rọ̀, ó ń fi í bá èèyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀, ọjọ́ kan sì wà tó fi í tọrọ omi mímu lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ fara kanra.

Ẹ má bi mí bóyá dókítà ni. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Oògùn kan ṣoṣo tó mọ̀ ni ti orí fífọ́, ìyàwó rẹ̀ ló sì máa ń bá a yọ ọ́ nínú páálí. Ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti bá àwọn olóṣèlú polongo títí tí àwọn tó wọlé ìbò fi jókòó rò ó pé ibo ni kí àwọn fi ọkùnrin yìí sí tí etí àwọn á fi sinmi. Ẹnì kan ní, ilé ìwòsàn kan kúkú wà lẹ́yìn ìlú lọ́hùn-ún. Bó ṣe dépò nìyẹn.

Nínú ilé ìwòsàn náà, yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn: tábìlì kan, àga mẹ́ta, ìlẹ̀kùn tó ń tì dáadáa. Níbẹ̀ ni àwọn tọkọtaya tó ti bímọ tó wọn máa ń jókòó sí níwájú Nọ́ọ̀sì Àgbà. Á bi ọkọ, á bi ìyàwó. Nígbà mìíràn á ní kí ọ̀kan bọ́ síta kí òun lè bi èkejì bóyá wọ́n fipá mú un wá ni. Á sọ fún wọn pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń wò yìí, ì báà ṣe pé wọ́n so ọ̀nà ẹyin obìnrin ni o, tàbí wọ́n dí ọ̀nà àtọ̀ ọkùnrin, àlọ rẹ̀ là ń rí, a kì í retí àbọ̀. Á sì fi àwọn ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n, èyí tí èèyàn lè dá dúró nígbà tó bá wù ú. Àwọn mìíràn á gbọ́ ọ tán, wọ́n á dìde, wọ́n á gba ilé lọ láìṣe nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì Àgbà ò ní bínú. Á ní ẹni tó lọ ronú náà ti gba ìmọ̀ràn.

Ọ̀gá já wọ yàrá yìí láìkan ìlẹ̀kùn nígbà tó ń bẹ ibi iṣẹ́ rẹ̀ tuntun wò. Akọ̀wé rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ bí òjìji, ọkùnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, nítorí kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ rí. Wọ́n bá Nọ́ọ̀sì Àgbà níwájú káfíńtà kan àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ. Káfíńtà ló fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún òun, kí ìyàwó òun lè sinmi.

"Nọ́ọ̀sì," ni Ọ̀gá wí, "kí lẹ ń bá àwọn èèyàn mi sọ ní kọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pín ẹrù olè?"

"Mo ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ni, sà."

"Ìmọ̀ràn! Ìmọ̀ràn jẹ́jẹ́! Ìmọ̀ràn tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò gbọ́, ṣé ìyẹn náà ńjẹ́ ìmọ̀ràn?" Ó kọjú sí káfíńtà. "Akíkanjú ọkùnrin, ṣé ẹ ti pinnu?"

Káfíńtà wo ojú ìyàwó rẹ̀. "A ti pinnu, sà. Ó kàn ku ohun tí Nọ́ọ̀sì ní àwọn fẹ́ ṣàlàyé, pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán—"

"Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán, ó tán! Àlàyé ló ń sọ akin di ojo. Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà dáhùn. Ó yára rí i pé ìdáhùn òun fì sápá ibi tí kò dára, ó bá fi àtẹ́wọ́ tún un ṣe.

Wọ́n mú káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn kí àwọn èrò lè rí wọn. Nọ́ọ̀sì Àgbà sáré tẹ̀lé Ọ̀gá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Sà, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni mi ò tíì sọ fún wọn yẹn. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà àtọ̀ ọkùnrin, èyí tó ti wà lọ́nà tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta kó tó gbẹ. Láàárín ìgbà yẹn, ìyàwó rẹ̀ lè lóyún. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa lo rọ́bà tàbí nǹkan mìíràn, kí ọkùnrin náà sì wá ṣàyẹ̀wò kó tó dá a lójú."

Ọ̀gá dúró. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó pọ́n ọmọ ọlọ́mọ.

"Oṣù mẹ́ta? Ẹ fẹ́ kí n dúró níwájú Kọmíṣọ́nnà kí n ní a ti gé e, ṣùgbọ́n a ò tíì gé e? Ètò mi kì í ṣe ètò ẹ-ṣì-máa-dúró-ná. Gé e lónìí, gbàgbé e lónìí!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó tún un sọ. Ó ní kí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà bá òun sọ ọ́ kí òun gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu ẹlòmíràn. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri iwájú ilé ìwòsàn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga ju aláboyún lọ. Wọ́n so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ òrùlé ọkọ̀, wọ́n ń kiri àdúgbò. Nọ́ọ̀sì Àgbà di ẹni tó ń ṣọ́ yàrá ìkẹ́rùsí. Yàrá kékeré ẹ̀yìn yẹn náà ò gbẹ́yìn, wọ́n gbé àga tìmùtìmù sí i, ó di ibi tí Ọ̀gá ti ń sùn lọ́sàn-án.

Láti ìgbà náà, gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn. Àwọn ọkọ á jókòó sọ́tùn-ún, àwọn ìyàwó á jókòó sósì, Ọ̀gá á dúró lórí pèpéle láàárín wọn, kóòtù rẹ̀ á kún bí ẹni pé èèyàn méjì ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìtànṣán ọ̀la!" á kígbe. "Ẹ̀yin òpó tó gbé òrùlé ìdílé dúró! Kí ni mo ní kí ẹ ṣe?"

"Gé e lónìí!"

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Gbàgbé e lónìí!"

"Ǹjẹ́ a rí ẹnì kan nínú yín tí ètò yìí já kulẹ̀? Bó bá wà, kó dìde!"

"A ò rí i!" ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà àti àwọn tó kó jọ á dáhùn, kí ẹni tó fẹ́ dìde tó rántí ibi tí bàtà rẹ̀ wà.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè lè béèrè o, Ọ̀gá kì í ṣe ìkà. Àmọ́ onítọ̀hún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Kọmíṣọ́nnà, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yan Kọmíṣọ́nnà. Kó tó dúpẹ́ tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti gbàgbé ìbéèrè. Ọ̀gá sì fòfin de ọ̀rọ̀ kan pátápátá nínú ilé ìwòsàn náà: "ṣùgbọ́n". Ó ní ṣùgbọ́n ló ń dá ìdàgbàsókè dúró. Làwọn nọ́ọ̀sì bá ń fi ikọ́ dí àyè rẹ̀. "Iṣẹ́ abẹ yìí dára gan-an, màmá, (ikọ́), ẹ ronú sí i." Àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ ilé ìwòsàn.

Káfíńtà ṣe tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin mìíràn ṣe tiwọn, wọn ò pọ̀. Kọmíṣọ́nnà wá ránṣẹ́ pé kí ló dé tí obìnrin nìkan ń ya wá, níbo làwọn ọkùnrin wà? Ọ̀rọ̀ yìí mú Ọ̀gá láyà. Ó ronú láti ibi oúnjẹ àárọ̀ dé ibi oúnjẹ ọ̀sán, ó sì jáde pẹ̀lú ìpinnu tó ga ju òun náà lọ. Òun gan-an ni wọn yóò ṣe é fún! Ní gbangba! Gbangba tó mọ níwọ̀n, ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ta ríbọ́nì sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n kọ́kọ́ gé ríbọ́nì kí wọ́n tó gé ohun tí wọ́n wá gé. Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ títí, òógùn ti bo dókítà oníṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ dókítà náà ò tíì mú abẹ. Nígbà tí Ọ̀gá wá sùn kalẹ̀ lórí ibùsùn, afàwòrán dúró síbi orí rẹ̀, níbi tó bójú mu.

"Sà," ni dókítà wí, "ẹ jẹ́ kí n gbà yín nímọ̀ràn díẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀."

"Ta ni yóò gba agbaninímọ̀ràn nímọ̀ràn? Dákẹ́ ná, wọ́n fẹ́ yàwòrán."

Dókítà wúkọ́. Ó tún un wú. Ọ̀gá ní kí wọ́n fún un lómi.

Ẹnì kan wà tí Ọ̀gá ò sọ fún, ìyẹn ìyàwó rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Tíṣà nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìsọdipúpọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ onígbohùngbohùn kọjá lábẹ́ fèrèsé: "Ọ̀gá wa ti gé e! Ẹ̀yin ọkùnrin, kí lẹ ń dúró dè?" Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ṣọ́ọ̀kì jábọ́ lọ́wọ́ Tíṣà.

Nígbà tó délé, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àga, ó na ẹsẹ̀ gbalaja, omi dídì wà níbi tó yẹ kó wà.

"Dádì, kí lẹ gé?"

"Ọ̀nà ìdàgbàsókè ni mo là, Tíṣà."

"Èyí tí ẹ là ni àbí èyí tí ẹ dí? Ẹ sì ò bi mí."

"Ṣé o ò gbọ́ lórí ọkọ̀ ni? Gbogbo ìlú la jọ bi."

Tíṣà jókòó. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, ó sì tó o. "Bí ẹ bá bi mí ni, ǹ bá ní kí ẹ lọ, ǹ bá tiẹ̀ bá yín gbé omi dídì yẹn. Ìbéèrè yẹn náà ló dùn mí, Dádì. Kò dáa, ṣé nǹkan kan wà tí wọ́n ní ká máa ṣe, tàbí ká má ṣe?"

"Gé e lónìí—"

"Mo ti gbọ́ ìyẹn," ni Tíṣà wí, ó sì wọlé lọ.

Wọ́n máa ń sọ pé irọ́ lè sáré lógún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Ti Ọ̀gá ò lẹ́mìí tó bẹ́ẹ̀. Oṣù kejì ò tíì parí tí òórùn epo gbígbóná fi ń rìn Tíṣà lọ́fun. Ó kọ́kọ́ rò pé ibà ni. Lẹ́yìn náà ó rò pé àgbà ló ń dé. Ó lọ ṣàyẹ̀wò níbòmíràn, kì í ṣe lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì padà wá sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe ń jẹun.

"Mo lóyún."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ẹnu Ọ̀gá yà, ọ̀rọ̀ ò jáde. Nígbà tó máa jáde, ó fò kọjá Tíṣà lọ bá ẹbí. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó pe ìyá Tíṣà, ó ní kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ojú òun rí. Àwọn àgbà jókòó sí pálọ̀. Ọ̀gá dìde, ó gbé ọwọ́ sáyà.

"Ẹ̀yin baba ńlá ọgbọ́n! Ẹ̀yin ìyá ńlá àánú! Ní ọjọ́ tí a kò lè gbàgbé yìí—"

"Jókòó," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Pálọ̀ la wà."

Ọ̀gá ò jókòó. "Ọ̀nà ti dí! Ìlú mọ̀, ìjọba mọ̀! Bí ọ̀nà bá dí, tí àlejò sì wọlé, ẹ bá mi bi onílé, ọ̀nà wo ló gbà?"

Tíṣà ò sunkún. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí tábìlì. "Èmi ò mọ ọkùnrin kankan lẹ́yìn rẹ̀. N ò ní tún un sọ, torí kò sí irọ́ nínú rẹ̀ tó nílò àtúnsọ. Ẹ jẹ́ ká lọ bá ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà."

Ìyá rẹ̀ ti ń wo àna rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti débẹ̀. "Ọkọ ọmọ mi," ni màmá wí, "nígbà tí wọ́n ń gé yín lọ́hùn-ún, ṣé ẹ jẹ́ kí ẹni tó mú abẹ sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá wúkọ́, tirẹ̀ kì í ṣe ti òfin, ẹ̀rín ló fẹ́ pa á.

Wọ́n lọ. Dókítà fún Ọ̀gá ní ike kékeré kan, ó ní kó lọ gbé àtọ̀ rẹ̀ wá. Nígbà tó gbé e dé, dókítà kán díẹ̀ sórí gíláàsì, ó fi í sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ní kí Ọ̀gá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rí wọn. Wọn ò pọ̀ bí èrò ọjà mọ́, síbẹ̀ wọ́n wà, wọ́n ń ju ìrù, wọ́n ń sáré sókè sódò bí òṣìṣẹ́ tó gbọ́ pé Ọ̀gá ti dé ẹnu géètì.

"Wọ́n ṣì wà láàyè," ni dókítà wí. "Bó ṣe máa ń rí títí bí oṣù mẹ́ta nìyẹn. Mo fẹ́ sọ fún yín lórí ibùsùn, ẹ ní kí n dákẹ́ torí afàwòrán. Ìyàwó yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ ni oyún náà."

Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Ohun tó gbọ́ nínú mọ́tò bí wọ́n ṣe ń lọ sílé ni pé: "Ṣé o ò lè lọ sí ọ̀dọ̀ màmá títí wàá fi bímọ? Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ wá fún mi ní àmì-ẹ̀yẹ Ọkùnrin Àwòkọ́ṣe. Orúkọ ètò ni mò ń rò."

"Mi ò lọ síbì kankan," ni Tíṣà wí. "Ẹ gbé gbohùngbohùn yín kí ẹ sọ òótọ́ fún ìlú."

"Lẹ́yìn àmì-ẹ̀yẹ."

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í há Tíṣà mọ́ra. Ó kó wọn lọ fún aránṣọ tó ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ kó bá òun tú ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó bá obìnrin náà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹní wà lábẹ́ tábìlì, ìkòkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹrù wà nínú àpò. Ikùn rẹ̀ náà ti yọ. Aránṣọ ìyàwó káfíńtà yẹn ni.

"Ọkọ mi ló ní kí n jáde," ni aránṣọ wí, ó ń fi ẹnu já òwú. "Ó ní ilé ìwòsàn ò lè purọ́, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Ó ní kí n lọ bá ẹni tó fún mi lóyún. Àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi kékeré wá síbí lánàá, ó ní kí n wá di irun òun, ni bàbá rẹ̀ bá dúró sí òdì kejì títì, ó ń fún fèrè kẹ̀kẹ́ kó lè yára."

Tíṣà sọ ohun tí dókítà sọ fún un. Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà."

"Ẹ sì ti mọ̀ láti ìgbà wo?"

Ìbéèrè yẹn wọ Tíṣà lára. Ó délé, ó tún bá Ọ̀gá níbi tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ wò níwájú dígí. Ó sọ fún un pé obìnrin kan ń sùn sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá ní ó ká òun lára gan-an, ó ká òun lára débi pé òun á fi í kún ọ̀rọ̀ òun lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká má ṣépè. Ẹ ṣáà jẹ́ ká máa lọ.

Ọjọ́ àmì-ẹ̀yẹ pé. Gbọ̀ngàn kún. Kọmíṣọ́nnà jókòó síwájú, obìnrin kúkúrú kan tó ń wo aago. Ọ̀gá wọ kóòtù tuntun, ó gun pèpéle, ó ki ìjọba, ó ki afẹ́fẹ́ tí ìjọba ń mí, ó ki àga tí Kọmíṣọ́nnà jókòó lé. Ó sọ bí òun ṣe fi ara òun rúbọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń sùn nígbà tó gbé ohùn sókè dé òrùlé:

"Ǹjẹ́ a rí ẹnì kan tí ètò yìí já kulẹ̀? Bó bá wà, kó dìde!"

"A ò rí i!" ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kígbe.

Tíṣà dìde.

Ọ̀tún ló jókòó sí, láàárín àwọn ọkùnrin, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Ó ju ìborùn sórí àga. Ikùn náà ò nílò gbohùngbohùn.

"Èmi ìyàwó rẹ̀ nìyí," ló wí. "Dókítà sọ pé ó tó oṣù mẹ́ta kí iṣẹ́ abẹ ọkùnrin tó múlẹ̀. Ọkọ mi mọ̀, ó sì pa á mọ́. Mo lóyún fún un, ó pe ẹbí lé mi lórí bí ẹni tó mú olè."

Aránṣọ dìde lẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan tó ti fi báàgì bo ikùn látàárọ̀ gbé báàgì náà kúrò. Òmíràn dìde níbi ògiri. Ọkùnrin kan tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wo ìyàwó rẹ̀ lápá òsì, ó rí i tó ń dìde, ó bo ojú. Gbọ̀ngàn ò kígbe, ẹnikẹ́ni ò kọrin. Àga ló ń ró, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn.

"Ó rí bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀gá wí sínú gbohùngbohùn, "ṣùgbọ́n—"

Gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà ní gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Kò sí èyí tó wúkọ́.

Kọmíṣọ́nnà ò wo aago mọ́. Ó yíjú sí akọ̀wé. "Ṣé wọ́n sọ ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta yìí fún ọ̀gá yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wí, ó ti gbàgbé pé obìnrin ni.

"Ó sì ní kí wọ́n má sọ ọ́ fún àwọn èèyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ó yẹ ní ẹni tó ń ṣe olórí ibí?"

Ẹ bá mi wo ọkùnrin náà. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó wo Ọ̀gá, ó wo Kọmíṣọ́nnà, ó wo ibi tí agbára wà. Ó sún kúrò lẹ́yìn Ọ̀gá díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ẹ̀yìn Kọmíṣọ́nnà.

Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Ọ̀gá kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Àwọn tó ń kọrin rẹ̀ kò mọ ilé rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ọ̀dà funfun pa ọ̀rọ̀ ara ògiri rẹ́, àmọ́ pupa náà ṣì ń yọ lábẹ́ rẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Nọ́ọ̀sì Àgbà padà sí yàrá kékeré ẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n gbé àga tìmùtìmù yẹn jáde, kí wọ́n dá àga mẹ́ta òun padà.

Ọ̀gá rò pé ìyà òun ti tán. Tíṣà ní kó wọ bàtà.

Ó mú un lọ sí ibi iṣẹ́ káfíńtà. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbọ̀ngàn, káfíńtà ti gbọ́ oríṣiríṣi. Àwọn kan ní òótọ́ ni, àwọn kan ní àwọn obìnrin ló lẹ̀dí àpò pọ̀. Ó ń fá pákó nígbà tí wọ́n wọlé, kò sì dá iṣẹ́ dúró.

Ọ̀gá gbé ọwọ́ sáyà. "Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ igi di ohun ẹ̀ṣọ́! Nínú ìrìn àjò ẹ̀dá, ìkùdíẹ̀-káàtó a máa—"

"Dádì," ni Tíṣà wí. "Ẹ sọ ọ́."

Ojú Ọ̀gá lọ sílẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ ńlá kan, kò rí i. Ó wá òmíràn. Ẹ̀rù àwọn ọ̀rọ̀ kékeré ń bà á, kò lò wọ́n rí.

"Mo purọ́ fún ọ," ló wí. "Ìwọ lo ni oyún ìyàwó rẹ."

Káfíńtà gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Kò bú u, kò gbá a. Ó gbọn èérún igi kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì jáde. Àwọn méjèèjì tẹ̀lé e dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.

Aránṣọ rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ rẹ̀ ò dúró. Káfíńtà kúnlẹ̀ sórí àkísà aṣọ tó wà nílẹ̀.

"Wọ́n ṣì mí lọ́nà," ló wí. "Ọ̀gá fúnra wọn ti jẹ́wọ́. Ìyá àwọn ọmọ mi, dìde ká lọ sílé."

"Mo ti gbọ́ ti Ọ̀gá," ni aránṣọ wí. "Ìwọ ńkọ́? Mo fi ẹnu ara mi sọ fún ọ pé n ò mọ ọkùnrin kankan lẹ́yìn rẹ. Mo sọ ọ́ lórí ibùsùn wa, mo sọ ọ́ níwájú ìyá rẹ. Ògiri sọ tirẹ̀, èmi náà sọ tèmi. Kí ló dé tó jẹ́ ti ògiri lo gbà?"

Káfíńtà ń wo àkísà abẹ́ orúnkún rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, Ọ̀gá la ẹnu, nítorí kò tíì sí ìdákẹ́jẹ́ kan láyé rí tó lè kọjá lójú rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Tíṣà wò ó. Ó pa ẹnu dé.

Aránṣọ yí aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

"Tíṣà, ẹ wọlé, àga wà. Ẹ̀yin ọkùnrin, bẹ́ǹṣì wà níta. Bí mo bá rán èyí tán, mo lè dá yín lóhùn."

Ọkùnrin méjèèjì jáde. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lójú oòrùn, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ nínú ilé, tó ń dúró, tó tún ń lọ.